Ẹ má dúró de ìdánwò kí ẹ tó já ewé ẹ̀gẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ka máásítà nínú bàyòtẹkinọ́lọ́jì la bá dé. Wọ́n máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ kíláàsì ló kọ́kọ́ wà, sẹ̀mẹ́sítà méjì, ìwádìí á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. "Lẹ́yìn náà" yẹn gan-an ni ìjà wa. Òun ló ń sọ oyè ọdún méjì di ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, fún ọmọ tí kò ya ọ̀lẹ rárá.

Ẹ wo ìwádìí kan tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa: wíwá fáírọ́ọ̀sì tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ pọ́n bí ìyeyè níbì kan, kó ṣì tutù yọ̀yọ̀ níbì kan, kó sì lọ́ pọ̀. Eṣinṣin funfun ń gbé e kiri, igi ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ fún ara wọn gbìn náà sì ń gbé e. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn gbíngbìn ló dáa jù láti yẹ oko wò. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn lóṣù kẹrin, láti oṣù keje sí ìkẹwàá la ó já ewé rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ parí ìdánwò ná, tó wá dé oko lóṣù kìíní, ewé á ti wọ́ tán, igi lásán ló máa bá. Ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ewé tuntun tó wà lókè ni kí wọ́n já, kì í ṣe èyí tó ti gbó nísàlẹ̀. Kí wọ́n kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú silica gel (àwọn hóró tó ń fa omi mu): gíráàmù mẹ́wàá rẹ̀ sí gíráàmù ewé kan. Bí ewé bá ṣì rọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ silica náà. Èyí tó gbẹ dáadáa á rún wómúwómú lọ́wọ́, ó sì lè wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìlo iná. Fírísà ni ọ̀pọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Iná á lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé, ewé ti dúdú, DNA inú rẹ̀ (ohun tó gbé àbùdá, tí a fi ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀) ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Fífa DNA jáde náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ewé gbígbẹ 20 mg, lọ̀ ọ́ kúnná, da omi CTAB 2% (kẹ́míkà bí ọṣẹ tó ń tú ewé) sí i ní 700 µl (máíkírólítà), gbé e sí 65°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí iṣu tí a bó sílẹ̀ ṣe ń dúdú, bẹ́ẹ̀ ni omi ewé ẹ̀gẹ́ ń ṣe, ohun tó ń dúdú yẹn a sì lẹ̀ mọ́ DNA. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi kẹ́míkà PVP 1% sí i, àti kẹ́míkà mercaptoethanol díẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ lò ó gan-an. Bí a bá ti fi kẹ́míkà chloroform gbọ̀n ọ́n, tó sì ti pín sí ìpele, omi òkè nìkan ni kí a fà. Ẹni tó bá ń wá gbogbo ẹ̀ á fa ìdọ̀tí funfun àárín mọ́ ọn.

Bí ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí DNA ṣe mọ́ tó bá ka 260/280 (tó ń fi púrótéènì hàn) sí 1.8, inú ọmọ á dùn. Kó wo 260/230 (tó ń fi ìdọ̀tí mìíràn hàn) náà o. Bí ìyẹn bá wà nísàlẹ̀ 1.5, PCR (ìlànà tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ kí a lè rí i) lè dákẹ́ pátápátá bó tilẹ̀ jẹ́ pé DNA pọ̀ rẹpẹtẹ. Kó fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá kó tún un ṣe, kó tó máa bú práímà (DNA kékeré tó ń júwe ibi tí PCR á ti bẹ̀rẹ̀).

Práímà ọ̀hún, òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbígbẹ ló ń dé, nítorí náà ọ̀nà kì í bà á jẹ́. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí túùbù náà kí wọ́n tó ṣí i, torí ẹ̀tù rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdérí. Iye nmol (ìwọ̀n práímà inú túùbù) tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, iye µl omi tí ẹ ó fi sí i nìyẹn kó tó di 100 µM (ìwọ̀n bó ṣe ki tó): 24.6 nmol gba 246 µl. Kí wọ́n pín in sí túùbù kéékèèké, nítorí dídì àti yíyọ́ léraléra ló ń pa á.

Ìṣirò ríra nǹkan náà kò ṣòro. Ewé ogójì, práímà oríṣi mẹ́ta (méjì fún fáírọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún jíìnì ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ láti fi mọ̀ pé DNA dára), jẹ́ PCR 120. Túùbù omi lásán kan àti túùbù DNA tó dájú pé á mú èsì jáde kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ó di 126. Àtúnṣe ò lè ṣàì sí; èròjà tó tó fún 200 ni kí wọ́n rà. Bí túùbù omi lásán bá sì mú èsì jáde, gbogbo ti ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, kò sí pé à ń yọ díẹ̀ lò.

Ohun tí à ń bẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ gbogbo ni pé kí wọ́n yan alábòójútó fún ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó wọlé, kí wọ́n sì fi owó láàbù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ra práímà ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Nínú kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní fífa DNA, dípò ewé kan náà tí gbogbo kíláàsì jọ ń lọ̀ lọ́dọọdún, kí kálukú mú ewé inú ọ̀rá tirẹ̀ wá.

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù kan,
Ìbàdàn.