Ẹ jọ̀ọ́, "pièce" kì í ṣe yàrá nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo fẹ́ràn abala tí ẹ ti ń kọ́ àwa oníṣòwò ní èdè Faransé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kọ síbẹ̀ kò tíì tán. Ẹ ní yàrá ni "pièce". Òótọ́ ni. Bí onílé ní Kùtọnu bá ní "trois pièces" ni ilé òun, yàrá mẹ́ta ni, pálọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ka ilé ìdáná àti balùwẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ tí aṣọ́bodè bá ní "vos pièces" ní Ìgòlò, ìwé ìdánimọ̀ yín ló fẹ́ rí. Tí ọlọ́kadà bá ní òun ò ní "pièce", kò ní ṣéńjì ni. 500 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, wà ní owó ẹyọ, ó sì wà ní owó bébà. Ẹyọ nìkan ni "pièce", "billet" ni bébà.

Aṣọ ni mo ń tà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí. Ní ọjà Dantokpa ní Kùtọnu, odidi "pièce" àǹkárá kan jẹ́ yáàdì 12. "Demi-pièce" ni yáàdì 6 tí a mọ̀ nílé. Ẹ ò rí i pé owó ńlá wà láàárín méjèèjì!

Tí wọ́n bá tún fi "la pièce" parí iye owó, ìtumọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ àbúrò mi, tó ń gba máàkì tó dára nínú Faransé níléèwé, bèèrè iye gèlè tí wọ́n dì jọ. Ìyá ọlọ́jà ní "deux mille la pièce". Ọmọ náà ka ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà, ó nawọ́ gbé gbogbo ìdì náà. Ìyá yẹn rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa gèlè kan yọ fún un, ó dá ìyókù padà sórí tábìlì. Ojú ti ọmọ náà gan-an, bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú èyí tó ń bá a rìn: "pièce d'identité", "pièce de monnaie", "pièce détachée" fún àwọn tó ń ra páàtì mọ́tò, àní "pièce de théâtre", eré orí ìtàgé, fún àwọn ọmọ iléèwé. Tiwa aláṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọjá bodè kí Iléyá tó dé.

Èmi ni,
Aláǹkárá kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta