Rísí, Má Fi Abẹ́rẹ́ Sílẹ̀ Tí O Bá Ń Bọ̀ Wálé

Àdúgbò Adéwọlé,
Ìlọrin.

Rísí ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn gan-an pé pọ́ǹpù ínsúlíìnì tó ń bá sẹ́ńsọ̀ ṣiṣẹ́ náà ti wà lára rẹ. Láti oṣù Kejìlá 2023 tí NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tí ìjọba yóò máa fún àwọn aláìsàn, ti fọwọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ní England la ti ń retí pé kó kàn ọ́. Ṣùgbọ́n o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí, o sì sọ pé ilé níbí lo ti fẹ́ gba ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ká sọ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lóòótọ́, àgàgà lóru. Sẹ́ńsọ̀ ń ka ṣúgà ní gbogbo ìṣẹ́jú 5, pọ́ǹpù ń ṣírò ibi tó ń lọ, ó sì ń dín ínsúlíìnì kù tàbí kó fi kún un. Àmọ́ kò mọ̀ pé o fẹ́ jẹun. Ínsúlíìnì abẹ́ awọ kì í yára tó àmàlà. Ìwọ ni wàá ka kàbọháídíréètì, tí wàá sì tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú 15 kí o tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Bí o bá gbàgbé, tó sì ti tó wákàtí kan tí o jẹun, má tẹ odidi rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ti ń fi kún un fúnra rẹ̀ látìgbà tí ṣúgà ti ń gòkè, ṣúgà rẹ á já wálẹ̀ jù. Bó bá sì wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ (3.9 mmol/L lọ́dọ̀ yín, fi 18 sọ tiyín di púpọ̀ kí o lè rí tiwa), ṣíbí tíì méjì ṣúgà máa ń tó, torí pọ́ǹpù ti dá ínsúlíìnì dúró ṣáájú. Dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí o tó tún lá òmíràn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni rọ́bà tín-ín-rín tó wọ abẹ́ awọ. Ínsúlíìnì tó ń yára ṣiṣẹ́ nìkan ló wà nínú pọ́ǹpù. Èyí tó ń pẹ́ kò sí lára rẹ mọ́. Bí rọ́bà yẹn bá tẹ̀, tàbí tí òógùn tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ni kítóònù, ásíìdì tí ara máa ń ṣe bí kò bá rí ínsúlíìnì, ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Pọ́ǹpù lè má tètè pariwo, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ti ínsúlíìnì. Ó kàn ń rí i pé ṣúgà ń gòkè ni, á máa fi kún un, á sì máa ka èyí tí kò wọlé mọ́ èyí tó wọlé. Nítorí náà, bí o bá rí 250 (14 tìrẹ), tí o ṣe àtúnṣe, tí kò sì wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, gún ìka, kí o wọn kítóònù. Tó bá ti tó 0.6 mmol/L, fi pẹ́ẹ̀nì ínsúlíìnì gún abẹ́rẹ́ àtúnṣe, yọ rọ́bà náà, kí o fi tuntun síbòmíràn. Fi pọ́ǹpù sí ìṣe ọwọ́, kó má ṣe dá ṣírò fúnra rẹ̀, fún bíi wákàtí 4, torí kò mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yẹn. Yẹ ṣóńṣó rọ́bà tí o yọ wò: bóyá ó ti ká, bóyá ẹ̀jẹ̀ dí i, bóyá awọ ibẹ̀ rin, tó ń rùn bí oògùn. Tí kítóònù bá ju 1.5 lọ, pe dókítà. Tó bá dé 3, tàbí tí o bẹ̀rẹ̀ sí í bì, UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, tààrà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wàá dé. Ínsúlíìnì inú pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 37°C lọ, oòrùn Ìlọrin lóṣù Kẹta sì lè dé ibẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ inú mọ́tò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ti ọjọ́ méjì ni kí o máa rọ sí i. Tí iná bá lọ, ìkòkò amọ̀ méjì láti ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Dáda yóò ṣe é: ki kékeré bọ ńlá, da yanrìn tí o fi omi rin sáàárín wọn, fi ínsúlíìnì sínú ọ̀rá, bò ó, gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Kì í ṣe fíríìjì, ṣùgbọ́n ó ń dín ooru kù. Bí ibà bá mú ọ, rántí pé parasitamọ́ọ̀lù tó pọ̀ lè mú kí sẹ́ńsọ̀ mìíràn máa purọ́ pé ṣúgà ga. Ìka ni kí o gbà gbọ́.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Jẹ́ kí dókítà rẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwa tó ní oríṣi kìíní wà lára àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún. Bó bá gbà, gbé ibi tí ẹ̀rọ ń lépa sókè lọ́sàn-án, tẹ oúnjẹ sààrì àti ìṣínu bó ṣe yẹ, má sì fi ẹ̀kọ tó bá wàrà rìn sílẹ̀ láìkà. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ ju 70 lọ tàbí tó ga ju 300 lọ, ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́run ti gba tiwa rò.

Nínú báàgì ọwọ́ ni kí gbogbo ínsúlíìnì wà. Òtútù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú lè mú kó dì bíi yìnyín. Di ínsúlíìnì tó ń pẹ́ lára mọ́ ọn, kí nọ́ọ̀sì rẹ sì kọ yúníìtì tí wàá gún sórí bébà bí pọ́ǹpù bá kú, pẹ̀lú gbogbo ètò tó wà nínú rẹ̀.

O ò kọ orúkọ pọ́ǹpù náà. Fi ṣọwọ́, kí n lè béèrè rọ́bà rẹ̀ níbí àti l'Ékòó. Bí kò bá sí, ìlọ́po méjì ohun tí o rò pé wàá lò ni kí o dì.

Èmi ni,
Àmínà rẹ