Kọ́lá, Altair kọ́ ló kọ́kọ́ dé

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ò ń dà yín láàmú jù? Gbogbo ará ilé ń kí yín.

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní Altair 8800 ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ téèyàn lè fowó ara rẹ̀ rà, pé kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ó wà ńbẹ̀ o! Oṣù kìíní ọdún 1975 ni Altair yọ sójú ìwé ìròyìn Popular Electronics. Láti 1971 ni John Blankenbaker ti ń ta kọ̀ǹpútà tirẹ̀, Kenbak-1, ní Los Angeles, ní 750 dọ́là.

Mo mọ̀ pé wàá ní Kenbak ò ní microprocessor, ìyẹn chip kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, àwọn chip kéékèèké ló tò pọ̀ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ microprocessor lo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, Altair ṣì pẹ́ dé. Ní 1973, François Gernelle àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ R2E, ní ilẹ̀ Faransé, ti ṣe kọ̀ǹpútà Micral N, microprocessor Intel 8008 ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ní kí wọ́n bá àwọn ṣe é, torí wọ́n fẹ́ máa wọn omi tó ń gbẹ kúrò lára irúgbìn àti ilẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá ni, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé ipò kìíní fún un.

Kenbak ni tèmi. Wo bí wọ́n ṣe ń lò ó: kò ní sikíríìnì, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnì mẹ́jọ ló wà lójú rẹ̀ fún bit mẹ́jọ (bit kan jẹ́ òdo tàbí ení, mẹ́jọ wọn ló ń jẹ́ byte kan), pẹ̀lú àwọn iná wẹ́wẹ́. Wàá tẹ nọ́ńbà kan wọlé, wàá tọ́jú ẹ̀ sínú, wàá tún tẹ òmíràn, títí ètò rẹ yóò fi pé. Byte 256 péré ni gbogbo ohun tó lè rántí, tó o bá sì pa iná rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀, ìwọ nìkan lo jókòó tì í. Láyé tó jẹ́ pé yunifásítì àti báǹkì ló ń ní kọ̀ǹpútà, téèyàn á gbàyè kó tó fọwọ́ kàn án, ohun ńlá nìyẹn lójú mi.

Lóòótọ́, ọjà ò yá fún Blankenbaker, Kenbak tó tà ò pé ọgọ́ta. Altair ta lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, òun náà ni Bill Gates àti Paul Allen kọ BASIC fún, èdè téèyàn fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Mi ò bá ẹ jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà jù kọ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ní àwọn ọdún 1980 tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní Boston kó àwọn adájọ́ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Kenbak-1 ni wọ́n mú, Steve Wozniak tó ṣe Apple sì wà lára wọn.

Tètè fèsì, kó o sì sọ òṣùwọ̀n tó o fẹ́ fi gbe Altair fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Wálé