Méje tó wà lórí ìwé rẹ

Ìkéré-Èkìtì

Bọ́lánlé ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Mo ti wo Countdown tí o lọ ṣe, ìdíje ọ̀rọ̀ àti òǹkà orí tẹlifíṣọ̀n ìlú Òyìnbó yẹn. Àbúrò rẹ ló bá mi gbé e sórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì la wò ó, torí fóònù kú mọ́ wa lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Kò sẹ́ni tí mi ò pè ládùúgbò. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ, tí wọ́n sì pè é bó ṣe yẹ, mo fò sókè.

Mo mọ̀ pé máàkì kan ṣoṣo tí ọkùnrin tí ẹ jọ díje fi borí rẹ ṣì ń dùn ọ́. 86 sí 85. O ní o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á mọ́. Èmi máa mẹ́nu bà á, torí èmi ni mo bí ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́ ná. Nígbà tí 643 jáde pé kí ẹ ṣírò dé, tí ẹ ní 100, 75, 7, 6, 4 àti 3 láti fi ṣe é, tí aago sì fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, ọkùnrin yẹn ń gòkè láti 600, ó bá a dé 644. Ìwọ lọ dúró sórí 700, ìyẹn 100 lọ́nà 7, o wá ń sọ̀ kalẹ̀. 6 lọ́nà 3 jẹ́ 18, o yọ ọ́ nínú 75, ó ku 57. O yọ 57 nínú 700, ó ku 643 géérégé. Máàkì 10 wọlé fún ọ, òun ò rí nǹkan kan gbà, torí ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Omi bọ́ lójú mi. Bí màámi ṣe kọ́ mi ní òǹkà nídìí iṣu ní Ọjà Ọba nìyẹn. 57 kò ṣeé pè láìkọ́kọ́ dé ọgọ́ta: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. 700 fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, a ti dé ẹgbẹ̀rin ká tó yọ ọgọ́rùn-ún kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni wọ́n ti ń ṣe eré yìí, ọjọ́ tí Channel 4, ilé tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé e jáde, gan-an bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ mi sì gbé òǹkà màámi débẹ̀.

Ti lẹ́tà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀ kí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù: P, A, I, N, T, E, R, Y, O. Ọkùnrin yẹn ló mú lẹ́tà, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ sọ iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní méje. Ìwọ náà ti kọ “painter” sórí ìwé, o sọ fún mi fúnra rẹ. Tí o bá ní méje, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gba 7. Ṣùgbọ́n bí o ṣe gbọ́ méje lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ yí padà, mo rí i. O ní mẹ́jọ. “Paintery.” Wọ́n wò ó ní igun ìwé atúmọ̀ èdè, níbi tí Susie Dent, onímọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ti ń jókòó láti ọdún 1992, kò sí níbẹ̀, máàkì rẹ di òdo. “Painterly” lo ti rí rí, L ni kò sí nílẹ̀.

Tó bá jẹ́ mẹ́jọ ni ọkùnrin náà pè, mi ò ní bá ọ wí rárá. Mẹ́jọ tirẹ̀ ti pa méje rẹ, o ò ní nǹkan kan láti pàdánù mọ́, kí o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n méje rẹ ọjọ́ yẹn, owó ọwọ́ ni. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ àdìtú tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n da lẹ́tà rẹ̀ rú kí ẹ tú u, tí ìwọ lo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì tí o sì gbà á, máàkì 10 rẹ̀ náà ò tó ọ débẹ̀ mọ́. O ti ṣírò ìyókù fúnra rẹ, mi ò ní tún un ṣe.

Ọdún 1997, ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ èsúsú nílé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Mo ti ka owó mi nílé. Ọwọ́ kan ni agbára mi ká. Olórí èsúsú bi wá níkọ̀ọ̀kan, tíṣà tó jókòó tì mí ní ọwọ́ mẹ́ta, ẹnu tèmi náà sì sọ mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí màámi fi sin mí relé ọkọ. Ọmọkùnrin kan gbé orí ẹ̀rọ náà lé èjìká, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. O ṣì kéré nígbà náà. O bi mí pé ta ló máa rán aṣọ Kérésì rẹ. Mi ò rí èsì fún ọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ilé tí o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní ọ̀rẹ́ rẹ àti ọkọ rẹ̀ ti ra oníyàrá mẹ́rin, pé báńkì lè yá ìwọ náà tó bẹ́ẹ̀. Bọ́lánlé, jọ̀ọ́, kí o tó lọ bá wọn, jókòó kí o kọ ohun tó ń kù lọ́wọ́ rẹ lóṣooṣù sílẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sílé. Tó bá gba pé kí o dá tiwa dúró fún oṣù mélòó kan, dá a dúró, ebi ò pa wá. Tó bá jẹ́ oníyàrá kan ló jáde lórí ìwé, oníyàrá kan ni kí o bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan kan ṣì kù. Tí wọ́n bá jẹ́ kí o mú ìwé tí o kọ “painter” sí lọ sílé, fi ránṣẹ́ sí mi. Bíírò pupa tí mo fi ń máàkì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo fẹ́ sàmì sí i fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ