Wọ́n Ti Ń Kọ Nọ́ńbà Sára Ọ̀pẹ Yín

Rónkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánádà? Àwa náà wà, àfi eruku. Ọ̀nà ńlá tí wọ́n ti ń wí tipẹ́ ti dé abúlé wa lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Láti ìdájí ni típà ti ń já iyanrìn. Aṣọ téèyàn bá sá síta, kó tó gbẹ ó ti pọ́n.

Oko tí bàbá yín fi sílẹ̀ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀nà náà máa gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tí ìjọba rán wá ka nǹkan oko ti wọ ibẹ̀. Ọmọkùnrin kan gbé agolo ọ̀dà pupa dání, ó ń kọ nọ́ńbà sára ọ̀pẹ, ẹnì kejì ń kọ ọ́ sínú ìwé: èyí ti ń so, èyí ò tíì so. Owó tí ìjọba máa san lórí wọn ò dọ́gba. Bí àwọn kan ṣe gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ńṣe ni wọ́n lọ ń gbin ọmọ àgbọn lóru! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àmọ́ mi ò bá wọn wí.

Ṣó o rí i, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ilé, igi àti irè oko tó wà lórí ẹ̀ ni owó gbà-má-bínú wà fún. Ti ilẹ̀ fúnra ẹ̀, kìkì iye owó ilẹ̀ téèyàn san fún ìjọba lọ́dún yẹn ni. Ta ló san kọ́bọ̀ rí lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ níbí? Bó bá tún jẹ́ ti gbogbo abúlé, òfin gbà kí wọ́n kó owó náà fún Baálẹ̀, kó fi ṣe ìlú lóore. Ìwọ náà mọ irú ìjà tó wà nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Màmá yín ló dùn mí jù. Wọ́n á sanwó ẹ̀gẹ́ fún olóko, ó parí. Màmá tó ń rà á, tó ń bó o, tó ń yan gàrí, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Màmá bi mí pé, "Sìkírá, níbo la ó ti máa rí ẹ̀gẹ́ rà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mi ò ní ọ̀nà ò dáa o. Ẹja Ọjà Olúwo á tètè dé Èkó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ìfọpo Dangote, tó lè fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́, ti dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ṣé owó ilé ti wálẹ̀ rí lápá ibí?

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ti ń wí pé òun lòun máa fọwọ́ sí ìwé owó oko náà. Jọ̀ọ́, kọ ìwé àṣẹ fún àbúrò rẹ kíá kó lè fọwọ́ sí i dípò rẹ, kó o dárúkọ Màmá sínú ẹ̀. Mo ti ya fọ́tò àwọn ọ̀pẹ náà, nọ́ńbà wọn hàn ketekete. Fi wọ́n pamọ́, bí ìwé iye igi tí wọ́n kà bá jáde ká fi wé e.

Bá mi kí bàbá ọmọ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Sìkírá