Àṣàkẹ́, má ka ilé nìkan

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ subú níbi tí o ti ń sín alága káńsù yín jẹ: "Mo fẹ́ rí iṣẹ́ ẹ̀yin wolé-wolé ní fígọ̀!" Ẹ̀yin mẹ́fà péré, ọkọ̀ kan tí kò ní táyà, ó wá fẹ́ fígọ̀. O ní kí n sọ bí a ṣe ń fi fígọ̀, ìyẹn iye, wọn iṣẹ́ wolé-wolé níbí. Màá sọ, ṣùgbọ́n má rò pé àwọn òyìnbó ti rí i yanjú o.

Ẹ̀ka tí mo wà ní káńsù wa níbí, àwa là ń wo ilé oúnjẹ, ariwo àdúgbò, àti ilé tí onílé ń fi háyà tí kò yẹ kí èèyàn sùn sí. Àwọn tó wà ní yàrá kejì ló ń wo òṣùwọ̀n àti ayédèrú ọjà. Ká ní ilé ni, àwọn ni ìbá máa mú ìyá aláta tó ti lu ìdí kóńgò wọnú. (Má rẹ́rìn-ín, èmi àtìẹ mọ ìyá tí mò ń wí.) Àmọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwa fúnra wa, òun gan-an ni ìdí rẹ̀ wọnú jù.

Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní 2009, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìwé kan jáde ní ọdún tó ṣáájú, ohun 198 ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń bi àwọn káńsù ilẹ̀ England. Mẹ́ta ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nọ́ńbà 182 ń béèrè bóyá inú àwọn oníṣòwò dùn sí bí a ṣe bá wọn lò. Wò ó ná: o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹni pa nítorí eku, o wá lọ bá a pé kó sọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn sí ọ tó! 183 ń wo bóyá àwọn ọlọ́jà ò rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. 184 ni mo fẹ́ràn. Ó ní, nínú gbogbo ilé oúnjẹ àgbègbè yín, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń pa òfin ìmọ́tótó mọ́ dé ibi tó tẹ́rùn? Kò bi ọ́ pé ilé mélòó lo wọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ilé náà lẹ́yìn tí o jáde ló ń bi ọ́. Ìjọba mìíràn dé ní 2010, wọ́n ní ìbéèrè náà ti pọ̀ jù, wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀.

Èyí tó kù tí ará ìta mọ̀ ni sítíkà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé ilé oúnjẹ, tó ń sọ máàkì ìmọ́tótó rẹ̀, láti 0 dé 5. Ní Wales, láti 2013 ni òfin ti mú un ní dandan kí olówò lẹ̀ ẹ́ síta. Ní England níbí, kò sí dandan. Ẹni tó bá gba 5 á lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ọmọ kékeré á ti rí i. Ẹni tó bá gba 1, inú dúrọ́ọ̀ owó ló wà.

A tún máa ń pín ilé oúnjẹ sí ọ̀wọ́, láti A tó léwu jù dé E. A, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ ká máa bẹ̀ ẹ́ wò. E, ó lè tó ọdún mẹ́ta. Ó dáa lójú ìwé. Àmọ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni ọdún ìṣúná wa ń parí, àwọn ọ̀gá á wá máa pariwo pé ilé tí ọjọ́ ìbẹ̀wò rẹ̀ ti kọjá pọ̀ jù lórí ìwé. Kí la máa ń ṣe? A ó sáré lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń ta bisikíìtì àti súìtì inú ọ̀rá. Ìṣẹ́jú ogún, ó ti parí, a fàlà sí i. Mo ti wọ mẹ́sàn-án rí lọ́jọ́ kan. Níbi tí ẹlẹ́ran tó yẹ kí n dúró tì fún odidi ọjọ́ kan wà, mi ò débẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá, fígọ̀ wa sì dùn-ún wò.

Mi ò lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Wales ní 2005. Alápatà kan ló ń kó ẹran sísè fún àwọn ilé ìwé. Ẹ̀rọ kan náà ló fi ń di ẹran tútù àti èyí tó ti jinná sínú ọ̀rá. E. coli, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn inú, mú àwọn èèyàn tó lé ní 150, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan sì kú. Àṣàkẹ́, àwọn wolé-wolé ti wọ ibẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀ o. Lórí ìwé, wọ́n ti bẹ ibẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Pennington ló ṣe ìwádìí rẹ̀, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2009, ọdún tí mo wọṣẹ́ gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka gbogbo ẹ̀ tán.

Jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Lọ́dún tó kọjá, mo wọ búkà ọmọ Yorùbá kan. Ìkòkò ọbẹ̀ ata ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti àná. Òfin ní kí oúnjẹ gbígbóná má wálẹ̀ ju 63 lọ lórí tẹmọ́mítà, kí ti inú fíríìjì má kọjá 8. Mo ki tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́: 31. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Àǹtí, bí ìyá mi ṣe ń ṣe ọbẹ̀ nìyí, kò pa ẹnì kankan." Kí ni kí n fèsì? Ọbẹ̀ tí èmi náà fi dàgbà ni. Ṣùgbọ́n màmá wa ń gbé e kaná láàárọ̀, ó tún ń gbé e kaná lálẹ́, ìkòkò tirẹ̀ ò sì tó ti igba èèyàn. Mo fún un ní 1. Kò kí mi nígbà tí mo ń lọ.

Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa pín ọbẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ kó lè tètè tutù, kó tó gbé e sí fíríìjì. Nígbà tí wọ́n tún un wò, ó gba 4. Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, kò sí àyè tí mo lè kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù wa. Ìbẹ̀wò kan péré ni wọ́n kà fún mi, èyí tí mo fi fún un ní 1.

Nítorí náà, tí alága yín bá ní kí ẹ mú fígọ̀ wá, má fi iye ilé tí ẹ wọ̀ tàbí iye sọ́mọ́nsì tí ẹ já ṣáájú. Ọjọ́ tó bá rí i pé sọ́mọ́nsì ń pa owó wọlé, ẹ ti di agbowó-orí nìyẹn. Ẹ mú àádọ́ta búkà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí: èwo ló ní omi tó ń ṣàn, èwo ni kànga rẹ̀ sún mọ́ ṣáláńgá, èwo ni kò níbi tí wọ́n ń fọwọ́. Ẹ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ ka iye èyí tó ti yí padà. Ẹ kọ ẹ̀ẹ̀mélòó tí ẹ débẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ẹ̀yin á rí àyè kọ tiyín. Tó bá sì ń sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà, fi Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 hàn án, àfikún kẹrin: ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ nílé ní Kérésì. Mo ti fi tẹmọ́mítà méjì sínú báàgì rẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú bátìrì mẹ́jọ. Má jẹ́ kí alága rí i, á ní kó di ti ọ́fíìsì òun.

Èmi ni tìẹ,
Àbẹ̀kẹ́