Àbẹ̀kẹ́, Ìwé Rẹ Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Yábàá, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àárò ilé, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ alẹ́ tí o sọ pé kì í jẹ́ kí ojú rẹ dá. Màámi ní kí n bá àwọn bi ọ́ bóyá o ti rí ẹ̀fọ́ gidi jẹ ní Kánádà. Ìròyìn yòókù kò pọ̀: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ṣe ìdána, onílé ti fi owó kún owó ilé, jẹnẹrétọ̀ wa ti dákẹ́ títí láé, a sì ti tẹ́ ẹ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ Ẹtì ni n kò ti sùn dáadáa, kì í sì í ṣe nítorí jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ ìwé rẹ kọjá kí n tó débẹ̀, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Ó Le Kú, ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí o gbàgbé sórí ibùsùn mi ní òru ọjọ́ tí o ń lọ ni mò ń wí. Mo mọ̀ pé o ní ìwọ kò gbàgbé rẹ̀, pé èmi ni mo fi ìrọ̀rí bò ó. A kò ní tún ìjà yẹn jà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, mo ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ṣé o rántí pé nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àkópọ̀ ìtàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ sí ewé méjì péré ni a há sórí, tí a sì yege? Ojú tì mí pé ìsinsìnyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní yunifásítì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alábòójútó mi ni ó sún mi débẹ̀, nítorí pé bí ìwé ìtàn àròsọ ṣe ń di fíìmù ni orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi fún iṣẹ́ àṣekágbá.

Bàbá àgbà ni mo ń kà á fún ní alaalẹ́, torí pé ojú wọn kò ríran tó mọ́. Tí mo bá ń fi ojú nìkan kàwé, mo máa ń fo ibi tí ó bá gùn; ṣùgbọ́n níwájú bàbá, kò sí fífò, nítorí pé wọn yóò ní, "Padà sẹ́yìn, o ti gbé nǹkan kan mì níbẹ̀." Nípa Àjàní, tí ó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu kí ó mú ìyàwó wálé, ohun tí bàbá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọmọ yìí ń wá aya bí ẹni ń wá iṣẹ́, ibi mẹ́ta ni ó kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan náà." Mo fẹ́ fi ìyẹn sínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe ń tọ́ka sí bàbá àgbà ẹni gẹ́gẹ́ bí onímọ̀.

Wọ́n sì tún ń bá mi jà lórí àkọtọ́. Ọdún 1974 tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé yìí jáde, ọdún náà ni a fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, tí "aiye" fi di "ayé", tí "ọmọkọnrin" sì di "ọmọkùnrin". Bàbá kò gbà. Wọ́n ní ayé tí àwọn bá nílẹ̀ ní "i" nínú.

Lẹ́yìn tí a parí ìwé, mo wá fíìmù tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997 kiri. Mo wọ dánfó ní Òyìngbò, a gba orí afárá Carter, mo sì fi wákàtí méjì rìn ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí àwọn màámi ti máa ń ra kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Yorùbá ní ayé ìgbà náà. Aṣọ àti fóònù ni wọ́n ń tà nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí mo wọ̀. Bàbá kan bá mi fà á yọ lábẹ́ àpótí, ó sì gba owó lọ́wọ́ mi bí ẹni pé òun ni ó ṣe fíìmù náà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé àwo kan ṣoṣo ni ó wà nínú páálí tí ó yẹ kí ó gba méjì. Orí fóònù ni mo ti wo ìyókù, ó ń dúró, ó ń lọ, bí ọkọ̀ tí omi wọ inú epo rẹ̀.

Bí màámi ṣe gbọ́ orúkọ fíìmù náà, wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣí àpótí, wọ́n sì mú ìró pénpé kan jáde pẹ̀lú bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn. Óleku ni wọ́n ń pe aṣọ náà! Wọ́n ní ọdún tí fíìmù náà jáde, kò sí òde tí a kò ti wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìgbà èwe àwọn ìyá wọn ni, fíìmù ni ó gbé e padà wá. Mo bi aránṣọ wa ní ẹ̀yìn ọjà Yábàá bóyá ó mọ ẹni tí ó kọ Ó Le Kú. Ó ní tí mo bá mú aṣọ wá lónìí, yóò ti ṣe tán ní Ọjọ́bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́ díẹ̀. Kí ènìyàn kọ odindi ìwé, kí ó jẹ́ pé gígùn ìró ni yóò kù lọ́wọ́ ayé!

Wàyí o, ohun tí mo rí nínú fíìmù tí n kò rí nínú ìwé nìyí, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí mo ń ka ìwé, àánú Àjàní ni ó ń ṣe mí. Gbogbo ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣe kámikàmìkámi, òǹkọ̀wé a mú wa wọ inú ọkàn náà, a ó máa gbọ́ bí ó ṣe ń gbé àwọn obìnrin tí ó ń fẹ́ wọ̀n, tí ó ń gbé Àṣàkẹ́ wọ̀n, tí ó ń gbé Lọlá wọ̀n, tí ó sì ń dá ara rẹ̀ láre, débi pé kí ó tó purọ́ tán, èmi náà ti ń bá a wá àwíjàre. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè wọ inú ọkàn ẹnikẹ́ni. Iwájú ènìyàn ni ó ń dúró sí. Nígbà tí Yẹmí Ṣódìmú, tí ó ṣe Àjàní, bá ń sọ̀rọ̀ dídùn, ojú obìnrin tí ó ń gbọ́ ọ ni mò ń wò, mo sì rí i pé ó gbà á gbọ́ pátápátá. Inú bí mi. Mo fi ọwọ́ lu tábìlì, màámi ní ṣé kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ti kà fún bàbá àgbà tẹ̀ríntẹ̀rín ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú!

N kò sọ pé fíìmù sàn ju ìwé lọ o. Ẹ̀rín tí ó wà nínú ọ̀nà tí Ìṣọ̀lá gbà ń ròyìn nǹkan, ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà bí kò ṣe ti ẹni tí ń sọ ọ́, kò rí ẹnu òṣèré kankan gbà jáde. Ṣùgbọ́n àmì ohùn tí ń pa mí kú sídìí kọ̀ǹpútà, òṣèré ń fi ẹnu gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, tí o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

Èmi náà kọ ìtàn kan. Ojú ewé 14 ni, fún kíláàsì ìtàn kíkọ. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan tí ó dúró de ọmọkùnrin kan ní Ojúẹlẹ́gbà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí òjò sì ká a mọ́bẹ̀. Mo yí orúkọ rẹ padà. Mo gbé ilé rẹ kúrò ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tà lọ sí Ṣúrùlérè, mo tún fún ọ ní èjí láàárín eyín, kí o má baà sọ pé n kò lawọ́. Àwọn tí ó mọ̀ wá ní ọdún náà yóò mọ̀ ọ́ láti ìlà kẹta. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kíláàsì wa kan tí ó ní kámẹ́rà kà á, ó sì ní òun fẹ́ fi ṣe fíìmù kékeré. Ó ti rí ọmọbìnrin tí yóò ṣe ọ́. Ó fi fídíò rẹ̀ hàn mí, níbi tí ó ti yí orí padà wo ojú títì bóyá ọkọ̀ ń bọ̀, ara mi sì bù máṣọ, nítorí pé bí o ṣe máa ń yí orí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin yìí, tí ó ń sọ ìtàn náà fún wa, níbo ni kí n ní kí ó dúró sí? Kí ni ó ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí?"

N kò lè dá a lóhùn. Nínú ojú ewé 14, mo ṣàlàyé rẹ, mo ṣàlàyé ọmọkùnrin náà, mo tilẹ̀ bá ọ dárí jì í, láìsí ẹni tí ó rán mi. Ọ̀kan ṣoṣo tí n kò kọ ni pé mo ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ Ojúẹlẹ́gbà ni mo ti rí òun àti ọmọbìnrin kejì ní ibùdókọ̀ CMS, tí wọ́n jọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú ìgò kan. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá àbúrò rẹ̀ ni, pé ìdánwò rẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, pé kì í ṣe ẹnu mi ni ó yẹ kí o ti gbọ́ ọ. O rí i pé èmi náà mọ bí a ṣe ń dá ara ẹni láre bí Àjàní. Ní ọjọ́ tí o ń sunkún lórí ibùsùn mi tí o ń bi mí pé "Ṣé o fura?", mo ní rárá.

N kò mọ bóyá o ti mọ̀ láti ìgbà náà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé o mọ̀, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé náà fi kù sọ́dọ̀ mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Mo ti fi ìtàn náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kà á, fi bíròò kọ ohunkóhun tí o bá fẹ́ sí etí rẹ̀, kódà èébú. Tí o bá ní kí ó má di fíìmù, n ó sọ fún ọmọ náà pé kò lè ṣeé ṣe, n kò sì ní sọ ìdí. Tí o bá sì ní kí ó ṣe é, n ó kọ́kọ́ tún un kọ, n ó sì fi ọ̀rẹ́ náà sí CMS, níbi tí ó dúró sí ní tòótọ́. Òpin oṣù ni ó fẹ́ gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n tìrẹ ni n ó dúró dè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí yóò mú nǹkan wọ̀nyí bọ̀ ti ń fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú ni ó wà nínú ọ̀rá dúdú. Ìtàn náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Mojí